Àwọn Ọmọ Ọlọ Ẹ̀yìn Ilé Yèyé Ìbídùn

Àwọn tó wá sin Yèyé ti padà síbi tí kálukú ti wá. Àwọn ti Èkó lọ lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ti Kàdúná lọ lọ́jọ́ Ajé, ẹran ìsìnkú ò tíì tán nínú ìkòkò. Ó wá ku èmi, ewúrẹ́ kan, àti ilé tó jẹ́ pé tí mo bá húkọ́ nínú rẹ̀, ó ń dá mi lóhùn.

Kí wọ́n tó lọ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí à ń pè ní Màmá Kàdúná na ìka sí mi. Ó ní, "Bọ̀sẹ̀dé, ìwọ lo mọ̀wé. Kọ nǹkan sílẹ̀ nípa Yèyé. Kọ ọjọ́ orí rẹ̀, kọ iye ọmọ tó bí, kọ pé ó gbé ayé ire."

Òótọ́ ni mo mọ̀wé. Kíláàsì mẹ́rin ni mo kà. Kì í ṣe pé orí mi ò gbé e ni mo ṣe dúró níbẹ̀, ìjókòó ni n ò lè jókòó. Tíṣà wa fúnra rẹ̀ sọ pé tí mo bá lè fi ìdí kan bẹ́ńṣì fún wákàtí méjì, mo lè di gómìnà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí Yèyé, ta ló mọ̀ ọ́n? Pé ó gbé ayé ire, kò sí òkú tí wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni màá kọ. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá kọ tiẹ̀.

Agbẹ̀bí ni Yèyé. Òun ló bí ìyá mi, òun náà ló tọ́ mi. Abúlé wa wà láàárín Ọ̀sí àti Ìlọ́fà, kò sì sí ọ̀nà oko kan tí ẹsẹ̀ Yèyé ò tẹ̀, títí dé ẹ̀yìn Ìdọ́fin. Àmọ́ kì í sáré. Tí ọkọ aboyún bá sáré wá pè é, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, Yèyé á kọ́kọ́ bu omi. Á fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá. Á gé èékánná tí kò tiẹ̀ gùn. Á tún ọwọ́ fọ̀. Ọkùnrin yẹn á máa jó lójú kan bí ẹni tó tẹ ìjàlọ.

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ó ń ké o!"

"Tó bá ń ké, ó wà láàyè. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kóo máa jó."

Kì í wo ojú aboyún kó tó kí i, ẹsẹ̀ ló máa ń wò. Ojú máa ń tì mí tá a bá jọ lọ sọ́jà, torí láàárín èrò ni Yèyé á ti bẹ̀rẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ ìyàwó oníyàwó. Tí ojú ibi tó tẹ̀ bá kún padà kíá, á dìde, á máa bá tiẹ̀ lọ. Tó bá jin kòtò síbẹ̀, ìjà dé nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ìyá ọkọ ọmọbìnrin kan láti Òkè-Ọ̀pin kígbe mọ́ ọn.

"Ìyá, ẹ fi ẹsẹ̀ ìyàwó wa sílẹ̀! Ẹ ò rí i pé ó ń sanra ni?"

Yèyé ò gbójú sókè. Ó ṣì ń wo kòtò tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ọmọ yẹn.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́," ó ní, "ẹ ní ó ń pọ́n."

Ìjà tèmi àti ẹ̀, lórí iye ni. Mo yára, mo sì mọ̀ pé mo yára. Tí Yèyé bá ní kí n lọ ka iṣu tó kù lábà, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń wò ó, màá ti padà kó tó jókòó.

"Mélòó ni?"

"Bí ogún."

"Bí ogún kì í ṣe iye. Ṣé ogún ni, àbí kì í ṣe ogún?"

"Ogún ni, Yèyé."

"O fọwọ́ kàn án?"

"Mo fojú kà á. Ojú mi ò fọ́."

"Ojú kì í ka nǹkan. Padà lọ."

Mo ń kùn lọ, mo sì fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kàndínlógún ló dáa. Ìkan ti jẹrà lábẹ́, ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀ gbọ̀ọ́. Nígbà tí mo dé pẹ̀lú ọwọ́ rírùn, tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, òun tí kì í sábà rẹ́rìn-ín.

"Èyí tó jẹrà lábẹ́ yẹn," ó ní, "òun ló ń jẹ́ 'bí'."

Lẹ́yìn ilé wa, lẹ́bàá ògiri balùwẹ̀, àwọn òkúta kan wà tó tò lọ bẹẹrẹ. Ọmọ ọlọ ni gbogbo wọn, òkúta tí obìnrin ń dì mú lọ́wọ́ méjèèjì tó fi ń lọ ata. Kò sí ìyá ọlọ kankan níbẹ̀, àwọn ọmọ ọlọ nìkan ni. Òmíràn dán bí ẹyin, òmíràn ti jẹ lápá kan, wàá sì mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ló ni ín.

Ọmọ ọdún méje ni mí lọ́jọ́ tí mo fẹ́ pa èkùrọ́, tí mo lọ mú ọ̀kan níbẹ̀. Mo gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó là sí méjì lọ́wọ́ mi. Mo ṣì ń wá ibi tí màá sá gbà nígbà tí Yèyé yọ. Yèyé yìí, tó lè fi ọmọrogùn lé mi yí ilé po nítorí omi tó dànù, kò nà mí. Ó jókòó sílẹ̀. Ó mú ìlàjì méjèèjì, ó fẹ́ èérún èkùrọ́ kúrò lára wọn, ó so wọ́n pọ̀ mọ́ra, ó wá okùn ọ̀gbọ̀, ó fi dì í yípo yípo, ó sì dá a padà sáàárín àwọn yòókù.

"Ó ti kú lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Ìwọ lo pa á lẹ́ẹ̀kejì."

Ọjọ́ yẹn ló sọ fún mi. Lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, tí obìnrin bá kú toyúntoyún tàbí lórí ìkúnlẹ̀, wọn kì í sin ín sílé. Ẹrù rẹ̀ pàápàá kì í gbélé. Ẹní rẹ̀, ìkòkò rẹ̀, àpótí ìjókòó rẹ̀, ọlọ rẹ̀, inú igbó kan lódìkejì odò ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Wọn ò sì ní dárúkọ rẹ̀ mọ́. Tí ọmọdé bá béèrè, wọ́n á ní ó lọ sájò. Ẹni tó lọ sájò ò kú. Ẹni tí kò bá sì kú, ta ló máa kà á mọ́ òkú?

Yèyé á wá dá wọ igbó yẹn lọ lọ́sàn-án gangan. Ọmọ ọlọ nìkan ló ń mú bọ̀, torí ìyá ọlọ wúwo ju ọrùn rẹ̀ lọ. Gbogbo ayé mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ọmọ kankan tó ń wá ṣeré lágbàlá wa. Àwọn ìyá tó bá gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá á tutọ́, wọ́n á ta ìka yí orí wọn ká. Ṣùgbọ́n tí ọmọ wọn bá ń rọbí, wọ́n á mọ ọ̀nà iwájú ilé.

Mo bá Yèyé jà sí i. Mo ní, "Òkúta yín ni ò jẹ́ kí wọ́n bá mi ṣeré. Èmi nìkan ni mo máa ń dá wà."

Ó ní, "Ìwọ ni wọn ò bá ṣeré. Àwọn yìí, wọn ò dárúkọ wọn pàápàá. Ta ló dá wà jù?"

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, kí òmìnira tó dé, wolé-wolé kan gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ìlọrin. Álíù lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó dé fìlà funfun, eruku sì ti sọ fìlà di pupa. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, gbogbo obìnrin abúlé ti da omi àmù wọn nù, wọ́n rò pé tanwíjí ló wá wò. Àmọ́ kò tiẹ̀ wọlé ẹnikẹ́ni. Iwájú ilé Baálẹ̀ ló lọ, níbi tí àwọn àgbà jókòó sí, ó ṣí ìwé gbàǹgbà kan lé orúnkún.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ kú ìkàlẹ̀. Obìnrin mélòó ló ti bá oyún tàbí ìbímọ lọ níbí, láti bí ọdún mélòó sẹ́yìn?"

 Baálẹ̀ wo Ẹ̀jẹ̀mu, ìjòyè tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀mu ń wo ilẹ̀.

Baálẹ̀ ní, "Kò sí."

"Kò sí rárá, bàbá?"

Ẹ̀jẹ̀mu ní, "Àwọn kan lọ sájò."

"Àjò ibo?"

 Wolé-wolé bọ́ fìlà, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù. "Ẹ̀yin bàbá, abúlé tí mo ti ń bọ̀, òdo ni wọ́n ní kí n kọ. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, òdo. Tí mo bá gbé òdo lọ bá ọ̀gá mi, á ní kí la fẹ́ fi nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ṣe níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ń kú?"

Mo ti wà lẹ́yìn ògiri tí mo ń gbọ́. Ta ló tún ń yára gbé ìròyìn bíi tèmi? Kó tó dé fìlà rẹ̀ padà, mo ti dé ilé. Ilá ni Yèyé ń rẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìmí. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó bu omi, ó fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá.

"Ta ló ń rọbí, Yèyé?"

"Mú agbọ̀n," ó ní.

Ẹ̀ẹ̀mejì la lọ, ẹ̀ẹ̀mejì la bọ̀, kí òkúta tó pé níwájú Baálẹ̀. Àwọn àgbà ti fa àga sẹ́yìn.

"Ìbídùn!" Baálẹ̀ ló ń pariwo. "Kí lèyí? A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ!"

"Kẹ́ ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Ọmọ kọ́ ni mo fẹ́ kà. Òkú ò ní bínú pé mo ka òun."

Ó kúnlẹ̀, ó mú èyí àkọ́kọ́, ó gbé e síwájú ẹsẹ̀ wolé-wolé. "Fọlákẹ́ nìyí. Ọmọ dábùú nínú rẹ̀." Ó mú òmíràn. "Sàláwátù. Ó bí i tán, ibi ọmọ ò jáde." Ó mú òmíràn. "Ọmọ́táyọ̀. Oyún rẹ̀ ò tíì yọ."

Wolé-wolé gbé bírò sókè. "Ìyá, tí kò bá tíì yọ, báwo la ṣe mọ̀ pé oyún wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan ló sọ fún. Ṣé torí pé èmi nìkan ló sọ fún, kó má kú ni?"

Ó kọ ọ́. Yèyé gbé òmíràn sílẹ̀. "Èyí ti bí tirẹ̀, ó ti ń jẹun, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹtàlélógún ni ibà gbé e lọ."

"Ìyẹn ti bí tán, Ìyá."

"Ogójì ọjọ́ rẹ̀ ò pé. Ẹni tí ogójì rẹ̀ ò bá tíì pé, orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà."

Wolé-wolé mi orí. "Òótọ́ ni. Ogójì làwa náà ń kà nílé wa." Ó tún kọ ọ́.

Ló bá kan èyí tí wọ́n fi okùn ọ̀gbọ̀ dì. Mo lọ sẹ́yìn Yèyé.

"Ọ̀ṣúnbùnmi nìyí," Yèyé ní. "Ẹ̀jẹ̀ ni. Ọjọ́ kẹta."

Ẹ̀jẹ̀mu dìde. Ìyàwó rẹ̀ ni. Láti ìgbà tó ti lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ó rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan okùn náà.

"Ta ló fọ́ ọ?"

Mo di aṣọ Yèyé mú. Yèyé ò wo ẹ̀yìn.

"Èmi ni," ó ní. "Ọwọ́ mi ló yọ̀. Ẹ forí jì mí."

Ẹ̀jẹ̀mu jókòó sílẹ̀, ó gbé òkúta náà lé itan, bí ẹni gbé ọmọ. Ó pè é, "Ọ̀ṣúnbùnmi." Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn àgbà fúnra wọn ló ń dárúkọ kí Yèyé tó dárúkọ. Bàbá kan ń sunkún láìfi nǹkan bojú.

Nígbà tó parí, wolé-wolé kà wọ́n. "Mẹ́tàlá, Ìyá?"

"Mẹ́tàlá."

Ẹnu mi ò sì gba ìsinmi. Gbogbo abúlé mọ̀ pé ọjọ́ tí ìyá mi Àìná bí mi ló kú. Mo jáde láti ẹ̀yìn Yèyé, mo ní, "Mẹ́rìnlá ni! Ìyá tèmi ńkọ́?"

Bírò dúró lórí ìwé. Yèyé wò mí, n ò rí irú ojú yẹn lójú rẹ̀ rí, kó tó yíjú sí wolé-wolé.

"Ẹ má dá a lóhùn," ó ní. "Ọmọdé ni, kò mọ iye."

Èmi! Èmi tí mo fọwọ́ kan iṣu títí ọwọ́ mi fi wọ inú èyí tó rà. Ọjọ́ márùn-ún ni n ò fi bá Yèyé sọ̀rọ̀. Tó bá gbé oúnjẹ fún mi, màá gbé e lọ jẹ sẹ́yìn ilé níwájú àwọn òkúta tí a ti kó padà, tó fi dé orí ti Ọ̀ṣúnbùnmi. Ọjọ́ kẹfà, mo bá a nílé ìdáná, ó ń lọ ata. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lọmọ ọlọ ìyá mi wà?"

Kò dáwọ́ dúró. Ata ń ta sí i lápá.

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

Ìgbà yẹn ni mo tó wo òkúta tó dì mú. Láti ọjọ́ tí mo ti ń jẹ ata nílé yìí, òkúta ìyá mi ni wọ́n ti ń fi lọ̀ ọ́.

"Òun ni mo kọ́kọ́ wọ igbó yẹn tìtorí rẹ̀," Yèyé ní. "Àwọn mẹ́tàlá yẹn, tí wọ́n bá bi mí, mo lè sọ ọ́. Ọ̀nà ló jìn, tàbí ọkọ ló pẹ́ kó tó wá pè mí, tàbí wọ́n ti fọwọ́ kàn án kí n tó dé. Ti Àìná, èmi ni mo wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Mo fọ ọwọ́ mi. O jáde, o ké. Ni ẹ̀jẹ̀ bá tú. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ṣe. Tí wolé-wolé bá ní kí ló pa á, Bọ̀sẹ̀dé, ta ni màá tọ́ka sí?"

 Ó ta omi sí ọlọ, ó ń lọ ata rẹ̀ lọ.

Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gbé nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí wá sí dìsípẹ́ńsárì ojú títì. Yèyé lọ kí i. Kò kí i lẹ́nu. "Fi ọwọ́ rẹ hàn mí," ó ní. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wo abẹ́ èékánná. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ wíwú, òun fúnra rẹ̀ ló ń fà wọ́n lọ síbẹ̀. Òkúta ẹ̀yìn ilé wa ò lé sí i mọ́. Ti àwọn abúlé tó jìn, n ò ní sọ ọ́, torí n ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo bi Yèyé bóyá inú ń bí i pé ẹlòmíràn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Jẹ́ kó wà."

Nígbà ìsìnkú Yèyé, bàbá mi wá láti Èkó. Ibẹ̀ ló sá lọ kí n tó pé ogójì ọjọ́, ibẹ̀ ló ti fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó jókòó ní pálọ̀, ó jẹ iyán, ó pọ́n ìka lá. "Ọbẹ̀ yìí dùn," ó ní. "Ta ló lọ ata ẹ̀?" Mo ní èmi ni. Mo fẹ́ sọ ìyókù. Mo tún bu ọbẹ̀ fún un.

Màmá Kàdúná ní kí wọ́n kó àwọn òkúta ẹ̀yìn ilé dà sódò kí àwọn tó lọ, pé ilé òkú ni mo fẹ́ máa dá gbé. Mo dúró níwájú wọn pẹ̀lú ọmọrogùn Yèyé lọ́wọ́. Wọ́n mọ̀ mí. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí ilé dá, mo fọ òkúta ìyá mi, mo gbé e rù, mo lọ bá nọ́ọ̀sì. Mo gbé e lé orí tábìlì rẹ̀, gbì.

"Ẹ ṣí ìwé yín. Àìná lorúkọ rẹ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ ló ti lọ. Ẹ kọ ọ́."

Ó wo òkúta, ó wò mí. "Jókòó, àbúrò."

"N kì í jókòó. Ẹ kọ ọ́."

"Ìwé yìí, láti ọjọ́ tí mo dé ni. Ẹni tó lọ ṣáájú mi ò lójú ewé níbí."

"Ti wolé-wolé ńkọ́?"

"Ìwé tiẹ̀ ti lọ sí Ìlọrin tipẹ́, wọ́n sì ti gbé òun náà lọ síbòmíràn." Ó bu omi fún mi. N ò mu ún. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi, wẹ́rẹ́ báyìí, "Kí ló pa á?"

Mo sọ bí Yèyé ṣe sọ ọ́ fún mi. Mo ní ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Mo ní ó fọ ọwọ́ rẹ̀. Mo ní ọmọ jáde, ó ké, ẹ̀jẹ̀ sì tú.

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ lé òkúta náà. "Irú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ọwọ́ lásán ò lè dá a dúró. Bí èmi gan-an ò bá ní abẹ́rẹ́ mi nítòsí, á tú lójú mi. Lọ sọ fún Yèyé pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀."

Kò tíì gbọ́ pé Yèyé ti lọ. Mo ní mo gbọ́. Mo gbé òkúta mi rù, mo sì bọ́ sọ́nà. Èmi tí mo máa ń yára gbé ìròyìn, ìròyìn wà lẹ́nu mi, kò sẹ́ni tí màá sáré lọ bá nílé.

Mo ra ìwé kan ní Ọ̀sí. Ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀, orúkọ ni mo kọ síbẹ̀, láti orí Fọlákẹ́ títí dé orí Àìná. Lójú ewé kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n ní kí n kọ nípa Yèyé.

Mo gbé òkúta ìyá mi sí ìparí ìlà lẹ́bàá ògiri balùwẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ebi ń pa mí, ata wà nílẹ̀, ìyá ọlọ wà nílé ìdáná, kò sí ohun tí màá fi lọ̀ ọ́. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo mú un, mo fọ̀ ọ́, mo fi lọ ata mi. Mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe ní gbogbo àárọ̀ báyìí. Kí n tó mú un, màá fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, màá sì sọ iye wọn sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ nìkan ló ń gbọ́.

Mẹ́rìnlá ni. Kì í ṣe bí mẹ́rìnlá.